Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí "Exhalation", Àkójọ Ìtàn Kúkúrú Ted Chiang, fún Òǹkàwé Abẹ́òkúta

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lẹ́nu àwọn tó ń dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ìkàwé wa, yálà níbi ìpàdé ní Kútọ̀ tàbí lórí WhatsApp ní òru. Mo kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ta ni Ted Chiang?

Ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti bí i ní 1967. Ṣáínà ni wọ́n bí àwọn òbí rẹ̀ sí, kí wọ́n tó gba Taiwan dé Amẹ́ríkà. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló kà ní Yunifásítì Brown, iṣẹ́ tó sì fi ń jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kíkọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń lo ètò kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ yẹn hàn lára ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀: kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, kì í sì í fi ohun tó yẹ kó yé èèyàn pamọ́.

Ìtàn tó kọ kò pọ̀. Láti 1990 tí àkọ́kọ́ ti jáde títí di 2019, gbogbo rẹ̀ kò pé ogún, kò sì kọ nọ́fẹ̀lì kankan. Síbẹ̀, ó ti gba ẹ̀bùn Hugo mẹ́rin àti ẹ̀bùn Nebula mẹ́rin, àwọn tí òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì máa ń fojú sọ́nà fún jù. Ní 2003, wọ́n dárúkọ ìtàn rẹ̀ kan fún Hugo, ó ní òun ò gbà, torí ìtàn náà kò tíì rí bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹ bá ti wo fíìmù "Arrival" ti 2016, ìtàn rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ inú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìyẹn wà, kì í ṣe inú eléyìí.

Ìtàn mélòó ló wà nínú "Exhalation"?

Mẹ́sàn-án. Ọdún 2019 ni ìwé náà jáde. Méje nínú wọn ti jáde níbòmíràn tẹ́lẹ̀, méjì ("Omphalos" àti "Anxiety Is the Dizziness of Freedom") jẹ́ tuntun. Obama fi ìwé náà sára àwọn tó ní kí àwọn èèyàn kà lọ́dún yẹn, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ láì mọ ohun tó dá lé lórí.

Gígùn wọn kò dọ́gba rárá. Ọ̀kan kò ju ojú-ìwé mélòó kan lọ, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwé kan fúnra rẹ̀.

Mi ò kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé ìwé. Ṣé yóò yé mi?

Yóò yé yín. Ohun kan ṣoṣo ni Chiang máa ń bẹ òǹkàwé pé kó gbà. Ká ní ilẹ̀kùn kan wà tí èèyàn lè gbà kọjá sí ogún ọdún sẹ́yìn. Ká ní ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ tẹ bọ́tìnì kí ìka yín tó kàn án. Tí ẹ bá ti gba ìyẹn, ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ èèyàn: ọkọ àti aya, bàbá àti ọmọ, ẹ̀bi, àdúrà, owó. Ìbéèrè tó sì ń gbé yí ká nínú gbogbo rẹ̀ ni pé, bí o bá ti mọ̀ pé nǹkan kan kò ṣeé yí padà, báwo lo ṣe máa gbé ayé rẹ lọ́la? Ẹni tó ti sìnkú rí mọ ìbéèrè yẹn.

Nínú ẹgbẹ́ wa, lọ́yà kan àti nọ́ọ̀sì kan ló máa ń sọ̀rọ̀ jù lórí ìwé yìí. Àwọn ọmọ FUNAAB tó kọ́ sáyẹ́ǹsì máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ìjíròrò wọn sì máa ń tán kíá.

Níbo ni mo ti lè rí i rà ní Abẹ́òkúta?

Ẹ má rìn káàkiri Pánṣẹ́kẹ́ nínú oòrùn nítorí rẹ̀. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀sìn ló kún ọ̀pọ̀ ilé ìtàwé ìlú wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ni pé a bá ilé ìtàwé Èkó tàbí Ìbàdàn sọ̀rọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sínú mọ́tò. Ẹ lè ra ẹ̀dà orí fóònù, ẹ̀dà àfetígbọ́ náà wà.

Méjì nínú àwọn ìtàn náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́nà tó bófin mu: "What's Expected of Us", tó jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní 2005, àti "Exhalation" fúnra rẹ̀, tí ìwé ìròyìn Lightspeed gbé síta. Ẹ fi méjèèjì tọ́ ọ wò kí ẹ tó náwó. Ẹ̀dà jíjí tó ń kiri lórí WhatsApp, ẹ fi sílẹ̀. Ojú-ìwé máa ń fò nínú rẹ̀, ẹ óò sì rò pé òǹkọ̀wé ló ń pa àlọ́.

Ìtàn wo ni kí n kọ́kọ́ kà?

"The Merchant and the Alchemist's Gate", òun náà ló wà níwájú ìwé. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Fuwaad ibn Abbas ló dúró níwájú ọba ní Baghdad, tó ń ròyìn ohun tó bá a. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bashaarat, ìyẹn sì fi ẹnu-ọ̀nà kan hàn án tí ogún ọdún wà láàárín ìhà kan rẹ̀ sí ìhà kejì. Kí Fuwaad tó pinnu, Bashaarat kọ́kọ́ sọ ìtàn àwọn mìíràn tó ti gbabẹ̀ kọjá fún un, ìtàn kan nínú òmíràn. Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ dàgbà kò ní sọnù níbẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti "The Lifecycle of Software Objects". Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa ìwé dé.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le bí? Ṣé ọmọ sẹ́kọ́ńdírì lè kà á?

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́ tónítóní, gbólóhùn rẹ̀ kì í lọ́ mọ́ra. Ọmọ SS2 tó ń kàwé déédéé lè ka méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ láìsí wàhálà. "Lifecycle" ní ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ nínú, "Anxiety" ní ọ̀rọ̀ oògùn olóró, nítorí náà kí òbí kọ́kọ́ kà wọ́n.

Ṣé kí n kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà?

Rárá o. Ìtàn kan lálẹ́ kan ti tó, kí ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kí ẹ tó ṣí òmíràn. Mo ti rí ẹni tó kà á tán ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, tó wá sípàdé tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ inú ìtàn kan àti ti èkejì.

Mo ka ìtàn "Exhalation" fúnra rẹ̀, kò yé mi. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe èèyàn ẹlẹ́ran ara. Irin ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń mú un rìn. Lójoojúmọ́ ni gbogbo wọn ń yọ ẹ̀dọ̀fóró méjì tó ti tán láyà, tí wọ́n ń fi méjì tó kún rọ́pò rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rọ afẹ́fẹ́ kún un náà ni ibi ìpàdé wọn, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn ìlú. Níbẹ̀ ni òkìkí kan ti bẹ̀rẹ̀. Akéde ìlú máa ń ka ewì kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún, wákàtí kan géérégé ni ewì náà máa ń gbà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, aago lù kó tó kà á tán. Ìlú mìíràn náà sọ ohun kan náà. Wọ́n yẹ àwọn aago wò, kò sí èyí tó bàjẹ́.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ni, ló wá fura pé bóyá aago kọ́ ló ń sáré, bóyá àwọn ló ń falẹ̀. Láti mọ̀ dájú, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó to dígí yí ara rẹ̀ ká kó lè rí ẹ̀yìn orí ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ẹ̀rọ tú ọpọlọ ara rẹ̀ palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró. Ẹ tún ibẹ̀ kà. Ohun tó rí kì í ṣe àwo tí wọ́n kọ ìrántí sí lára bí àwọn kan ṣe rò. Ewé wúrà wẹ́wẹ́ ló rí, tí afẹ́fẹ́ ń gbé jó, tí wọ́n sì ń yí ipò padà bó ṣe ń ronú lọ́wọ́. Ìrònú rẹ̀ wà nínú bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí afẹ́fẹ́ bá dúró, gbogbo ewé yóò wálẹ̀, ẹni náà yóò sì di òfìfo.

Ìyókù nìyí: afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fún wọn ní ìyè, ìyàtọ̀ tó wà láàárín afẹ́fẹ́ tó há mọ́ inú ilẹ̀ àti èyí tó wà níta ni. Ẹ wo táńkì omi tó wà lókè ilé. Omi ń ṣàn wá sínú dúrọ́ọ̀mù ìsàlẹ̀ torí pé ọ̀kan ga ju ìkejì lọ, tí ojú omi méjèèjì bá dọ́gba, kò ní ṣàn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kán omi kan kò ṣòfò. Ayé wọn, tí ògiri irin yí ká, ń lọ síbi ìdọ́gba yẹn. Gbogbo èémí tí wọ́n ń mí, gbogbo èrò tí wọ́n ń rò, ló ń mú un yá sí i. Àwọn onímọ̀ físíìsì ní irú ọ̀rọ̀ kan náà láti sọ nípa ayé tiwa, àmọ́ tiwa ṣì jìnnà gan-an.

Ohun tó jẹ́ kí ìtàn yìí gba Hugo ní 2009, lójú tèmi, ni ohùn tó fi parí. Ẹni tó mọ̀ pé òun àti gbogbo ìran òun ń lọ kò pohùn réré ẹkún. Ó kọ̀wé sí ẹni tó bá máa dé lẹ́yìn wọn.

Ṣé mo lè fo "The Lifecycle of Software Objects"? Ó ti gùn jù.

Ẹ lè gbé e sí ìgbẹ̀yìn, àmọ́ ẹ má fò ó. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ana, tó ti tọ́jú ẹranko rí ní ọgbà ẹranko, ló gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àwọn ẹ̀dá inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní digient. Wọ́n ń kọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń ṣèèṣì, bí ọmọ kékeré. Nígbà tó yá, ọjà kùtà, ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Àwọn oníbàárà pa tiwọn tì. Ana kò lè pa Jax tirẹ̀ tì.

Gígùn ìtàn náà ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀sẹ̀ méjì tọ́ ọmọ. Chiang fẹ́ kí ẹ rí bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tí owó ń tán, tí ọ̀rẹ́ ń dín kù, tí ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ̀dá náà ń gbé inú rẹ̀ sì ń di ògbólógbòó. Ìyá tó tọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ kò pé yóò tètè mọ Ana. 2010 ni ìtàn yìí jáde, kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó máa fi fóònù bá AI sọ̀rọ̀, Chiang kò sì tíì yí ohùn padà: ní 2023, ó kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn The New Yorker láti bu omi tútù sórí àwọn tó ń pariwo ChatGPT.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀kan nínú àwọn ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà?

Ìdajì rẹ̀ ni. "The Truth of Fact, the Truth of Feeling" lorúkọ rẹ̀, ọdún 2013 ló kọ́kọ́ jáde. Ìtàn méjì ni wọ́n hun pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti oníròyìn kan lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí ohun èlò kan tó ń jẹ́ Remem lè bá èèyàn fa fídíò ohunkóhun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i jáde lójú ẹsẹ̀. Oníròyìn náà ní ìjà àtijọ́ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì dá a lójú pé òun rántí ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ sí òun. Èkejì jẹ́ ti Jijingi, ọmọkùnrin Tiv kan láyé ìjọba òyìnbó, tí ajíhìnrere kan tó ń jẹ́ Moseby kọ́ ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí Jijingi ti tẹjú mọ́ bébà, tó ń wo àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn. Moseby ní ibi tí èèyàn bá ti dánu dúró ni wọ́n ń fi àlàfo sí. Jijingi ń tẹ́tí, kò gbọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ti dánu dúró. Létí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu kan gbọọrọ bí odò ni. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, nígbà tó sì gbọ́ ọ, kò lè padà sí bó ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ mọ́. (Àwa tí à ń kọ Yorùbá láti ayé Àjàyí Crowther ṣì ń jà lórí ibi tó yẹ ká fi àlàfo sí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín ọmọ náà.)

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ dé orí ìran. Ìjọba fẹ́ da àwọn ìdílé pọ̀, wọ́n sì ní láti mọ ẹni tó bá ẹni tan. Àwọn àgbà sọ tẹnu wọn. Bébà tí òyìnbó ti kọ sílẹ̀ nígbà pípẹ́ sọ nǹkan mìíràn, Jijingi nìkan ló sì lè kà á. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Laura Bohannan, onímọ̀ nípa àṣà ìbílẹ̀ tó gbé láàárín àwọn Tiv, kọ nípa rẹ̀ ní 1952: ìran tí wọ́n ń kà lẹ́nu máa ń bá bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀ mu, kò sì sẹ́ni tó ka ìyẹn sí irọ́ láàárín wọn.

Ìlú wa ló yẹ kó ka ìtàn yìí. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà lónìí, èdè Yorùbá ló sì fi kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí bébà àti ẹnu àgbà ti jọ ń gbé níbí, wọn kò sì fìgbà kan rẹ́ tán. Lọ́yà wa sọ pé tí èèyàn bá jókòó sí kóòtù Ìsàbọ̀ níbi ẹjọ́ ilẹ̀, yóò gbọ́ ìtàn Jijingi láti ẹnu bàbá arúgbó kan sí òmíràn: "Bàbá ńlá wa ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó" níhìn-ín, ìwé àdéhùn tó ti ya lójú ìká lọ́hùn-ún. Chiang kò sọ pé àgbà purọ́, kò sì sọ pé bébà ló mọ̀ jù. Ibi tó ti mú ìtàn méjèèjì pàdé ni kí ẹ lọ kà fúnra yín.

Ṣé àjèjì yìí kọ àwọn Tiv dáadáa?

Ó kọ wọ́n bí ẹni tó kàwé nípa wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Jijingi kì í ṣe òmùgọ̀, Moseby kì í sì í ṣe èṣù. Àléébù tí mo rí ni pé abúlé náà dákẹ́ jù létí mi. Ẹ̀rín àti yẹ̀yẹ́ kò tó níbẹ̀, kò sì síbi táwọn ọkùnrin ti ń sọ̀rọ̀ ìran nílẹ̀ yìí tí ẹnì kan kò ní dá àpárá. Ìyẹn kò ba ìtàn náà jẹ́ o.

Odídẹrẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ nínú "The Great Silence". Ṣé àlọ́ ìjàpá ni wọ́n fẹ́ pa fún wa?

Rárá. Odídẹrẹ́ ilẹ̀ Puerto Rico ni, àwọn tó ṣẹ́kù nínú wọn nínú igbó kò pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibùgbé wọn ni awò ìràwọ̀ ńlá Arecibo wà, èyí tí àwọn èèyàn fi ń tẹ́tí sí ojú ọ̀run bóyá ẹ̀dá kan yóò fọhùn. Odídẹrẹ́ náà béèrè pé kí ló dé tí ẹ ń wá ẹni tó lè sọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn, nígbà tí àwa tí à ń sọ̀rọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ yín? Inú ìtàn náà ni ẹ óò ti pàdé Alex, odídẹrẹ́ eléérú bíi tiwa níbí, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Irene Pepperberg kọ́ ní ọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Iṣẹ́ ọnà fídíò kan ni Chiang kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí fún, ìdí nìyẹn tó fi kúrú. Ní December 2020, lẹ́yìn tí ìwé ti jáde, Arecibo wó lulẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á nísinsìnyí ń ka nǹkan tí òǹkọ̀wé náà kò rò pé òun ń kọ. Ní ìlú tí wọ́n ti ń pe ẹyẹ yìí ní Ayékòótọ́, mo retí pé ìtàn yìí ni yóò gbajúmọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wa, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Èwo ni kò dára tó nínú wọn?

"Dacey's Patent Automatic Nanny". Wọ́n kọ ọ́ bí àkọsílẹ̀ ohun kan tí wọ́n pàtẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé: onímọ̀ ìṣirò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn tọ́ ọmọ. Èrò rẹ̀ dára, ẹ̀jẹ̀ ni kò sí lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa kò gbà fún mi. Ó ní òun ti rí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún tẹlifíṣàn tọ́, kò sì sí nǹkan àròsọ kankan níbẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n ka àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé?

Lẹ́yìn ìtàn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ṣáájú. Chiang sọ ibi tí èrò kọ̀ọ̀kan ti wá níbẹ̀. Ó dùn láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ onímọ̀ físíìsì Kip Thorne ló fa ẹnu-ọ̀nà Baghdad. Tí ẹ bá kọ́kọ́ kà á, ẹ óò máa wo igi tí wọ́n fi kọ́lé dípò ilé.

Wọ́n ní "Omphalos" ń tako Ọlọ́run. Ṣé kí Onígbàgbọ́ yàgò fún un?

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò kà á dé ìdajì. Nínú ayé ìtàn náà, òtítọ́ tí gbogbo onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fọwọ́ sí ni pé Ọlọ́run dá ayé láìpẹ́ rárá. Ẹ̀rí wà fún un: wọ́n rí òkú àwọn èèyàn àkọ́kọ́ tí kò ní ìdodo, wọ́n sì rí igi tí àárín rẹ̀ kò ní òrùka ọdún. Dorothea, awalẹ̀pìtàn obìnrin kan, ló ń sọ̀rọ̀, àdúrà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń bá Olúwa sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wàhálà dé nígbà tí àwọn awòràwọ̀ rí ohun kan lójú ọ̀run tó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ àwa èèyàn ni Ọlọ́run ní lọ́kàn. Pé Ọlọ́run wà kò sí nínú ìjà rárá, bóyá Ó ń wò wá ni ìjà. Onígbàgbọ́ tó bá ti gbàdúrà títí tí kò gbọ́ èsì yóò ka ìtàn yìí pẹ̀lú ọkàn tó gbóná ju ti ẹni tí kò gbàdúrà rí lọ. Bàbá Bíbélì kan nínú ẹgbẹ́ wa ní òun yóò fi wàásù. Mi ò mọ̀ bóyá ìjọ yóò gbà fún un.

Ṣé ìtàn Baghdad yẹn bá ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù mu?

Òǹkọ̀wé kì í ṣe àáfà, ìtàn ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sílẹ̀ Mùsùlùmí, torí pé gbígba àyànmọ́ kì í ṣe ìtìjú níbẹ̀. Fuwaad fẹ́ padà lọ bá ọjọ́ kan tí ìròbìnújẹ́ rẹ̀ kò tíì tán. Ó mọ̀ pé kò lè yí i padà, ó sì tún gbéra, láti Baghdad títí dé Cairo, torí pé ti Cairo nìkan ló pẹ́ tó láti gbé e dé ibi tó ń lọ. Àwọn Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ wa, àti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àkúnlẹ̀yàn, jókòó sí ìhà kan náà lọ́jọ́ tí a jíròrò rẹ̀. Ẹni tó ń pariwo pé kò sí àyànmọ́ nìkan ló dá wà.

Nínú ìtàn kan, kò sí ohun tó ṣeé yí padà. Nínú òmíràn, ayé pọ̀ bí ìràwọ̀, gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Èwo gan-an ni Chiang gbà gbọ́?

Ìbéèrè yìí ló máa ń pẹ́ wa jù. Ẹ wo mẹ́ta. Nínú "The Merchant", ọjọ́ àná ti gan, Fuwaad sì rí ìtùnú. Nínú "What's Expected of Us", iná kékeré kan ń tàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí èèyàn tó tẹ bọ́tìnì, kò sí ẹni tó lè tàn án jẹ, àwọn tó sì gbà pé àwọn ò ní yíyàn kankan ń jókòó síbi kan, wọn ò jẹun mọ́. Ìmọ̀ kan náà ni, ibi tó gbé wọn dé yàtọ̀. Nínú "Anxiety", ẹ̀rọ kan ń jẹ́ kí èèyàn bá ara rẹ̀ tó wà ní ayé kejì sọ̀rọ̀, èyí tó yàn ohun tí òun kò yàn. Àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé, bí mo bá ṣe rere níbí tí mo sì ṣebi lọ́hùn-ún, kí ni rere níbí já mọ́? Nat, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ náà, tí oògùn olóró ti bà láyé jẹ́ rí, ló ní láti dáhùn ní ìṣe.

Èrò tèmi ni pé Chiang kò ní ẹ̀kọ́ kan tó ń tà nípa àkókò. Ó ń yí òfin ayé padà láti ìtàn dé ìtàn, bí ẹni tó ń yí ìwọ̀n iyọ̀, kó lè rí ohun tí èèyàn kan náà yóò ṣe. Nat kò mọ̀ pé ìwà òun kan òun ní ayé mìíràn, ó kàn rí i pé ohun tí òun bá ṣe lónìí ń mú kí ṣíṣe rere rọrùn tàbí kó nira lọ́la.

Lọ́yà wa kò gbà. Ó ní ẹni tó bá kọ "What's Expected of Us" kò lè sọ pé òun kò ní èrò lórí yíyàn, àti pé ìtàn tó gbẹ̀yìn ìwé ni ìdájọ́ rẹ̀, torí pé òǹkọ̀wé tó le sí ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣèèṣì to ìwé. Mo dá a lóhùn pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ kì í ṣe ẹ̀rí. Tí ẹ bá fẹ́ dá sí i, ẹ ka "The Merchant" àti "What's Expected of Us" ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ ka "Anxiety" lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì mú ẹ̀dà tiyín dání wá sí Kútọ̀. Lọ́yà kì í gba ohun tí èèyàn bá sọ láti orí.